Omi Tó Wà Lábẹ́ Ibi Tí Mo Ń Sá Aṣọ Sí

Òtútù omi yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, á ta mí dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ ooru Libreville, olú ìlú Gabon, kì í ṣe ooru kékeré. Ìdí òkè kan ni ó ti ń yọ, lẹ́yìn àdúgbò wa ní Venez-Voir, níbi tí àwọn ilé onípákó àti onípáànù ti sún mọ́ra débi pé bí aládùúgbò bá sín, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́. Omi ẹ̀rọ ń wá lọ́jọ́ tó bá wù ú, ó sì ń lọ láìdágbére. Ṣùgbọ́n omi ìdí òkè yìí kì í lọ síbì kankan. Àárín òkúta méjì ló ti ń yọ, a sì ti ki ọ̀pá oníke kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó lè rọrùn láti gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ onílùú ń pè é ní la source, ìyẹn orísun omi ní èdè Faransé. Omi Tútù ni àwa Yorùbá àdúgbò ń pè é.

Alágbàfọ̀ ni mí. Mo ń gba aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gbé ní àdúgbò Sibang, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo sì ń gbé e padà fún wọn nínú takisí tòun ti hángà. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ funfun mọ̀ pé ọwọ́ omi ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí omi ẹ̀rọ bá fi ọjọ́ mélòó kan kọ̀ láti wá, tó wá padà dé, pípọ́n ló ń pọ́n, á sì fi àmì sára kọ́là. Omi Tútù ní tirẹ̀ mọ́ gaara, ọṣẹ díẹ̀ á hó nínú rẹ̀ títí á fi kún báfù. Láìsí omi yìí, mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn obìnrin àdúgbò kò sì ní omi tí wọn ó fi se oúnjẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa, èmi gan-an ni mo sì máa ń sọ ọ́ jù.

Bíríkìlà kan ń gbé nítòsí mi, ọmọ Kétu láti ilẹ̀ Benin, tó tún ń gbẹ́ kànga. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Kìrìsìtẹ́nì ni òun, mùsùlùmí ni èmi, ṣùgbọ́n kò sí ọdún Iléyá tí abọ́ ẹran kì í ti ilé mi lọ sí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Kérésì tí tirẹ̀ kì í wá. Mo máa ń fi Nàgó rẹ̀, Yorùbá àwọn ará Benin, ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á ní ẹnu àwa ará Ọ̀yọ́ ti dùn jù, pé ọ̀rọ̀ wa ló pọ̀, iṣẹ́ wa kò tó o. Ìyàwó rẹ̀ ń tiro. Ìbàdí ọ̀tún ló ń dùn ún látìgbà tó ti bí ọmọ wọn kejì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Omi Tútù sì nira fún un púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi gbẹ́ kànga kan síwájú ilé wọn, lápá kejì òkè, tó sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ọrùn sí i dáadáa. Lọ́jọ́ tí ìyàwó náà fa omi àkọ́kọ́ jáde, ó jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti di ìyá ilé.

Òkè tó wà lórí omi wa, ti ìyá arúgbó onílùú kan ni. Mémé, ìyẹn ìyá àgbà, ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó fi òkè náà sílẹ̀ ní igbó, àfi oko gbágùúdá kékeré kan létí rẹ̀. Igi ògùrọ̀ wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà sì bo ilẹ̀ débi pé bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé e, á rì dé ọrùn ẹsẹ̀, omi á sì máa yọ yíká bàtà rẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Mémé kò díwọ̀n omi fún wa, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣán igbó orí òkè, kí wọ́n má sì dáná sun ún. Mo rò pé nítorí àwọn òkú ìdílé rẹ̀ ni, tàbí nítorí ejò tó fẹ́ràn ibẹ̀. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Kí ni mo fẹ́ bi í sí? Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí, láàárín àpáta, mo sì gbà pé ẹni tí wọ́n bí sí ìdí òkè kò tún ní í kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi òkè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní èrò tèmi, inú ilẹ̀ ní ìdí òkè ni omi ń gbé bí ó ṣe ń gbé inú ìkòkò, òkè tó wà lórí rẹ̀ kò ju ọmọrí lọ. Èèyàn lè ṣe ohun tó bá wù ú sí ọmọrí, ohun tó wà nínú ìkòkò ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá pé jọ nípàdé ọmọ Yorùbá ní àdúgbò PK8, tí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ ìparí, mo máa ń dìde pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Wọn á pàtẹ́wọ́, èmi náà á jókòó, inú mi á dùn sí ara mi. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ń ro ti omi.

Ìṣòro mi nígbà náà ni oòrùn. Inú kòtò ni ilé mi wà, atẹ́gùn kì í dé ibẹ̀, aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ á ṣì tutù di ọjọ́ kejì, á sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báfù. Bí mo bá sá a sẹ́bàá ọ̀nà, eruku pupa á gbà á. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bí mo bá wo òkè Mémé, tí mo rí bí oòrùn ṣe ń ṣòfò lórí igbó yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀. Nígbà tó yá, àìsàn dé sí ìyá arúgbó náà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú Oyem, ìbátan rẹ̀ ọkùnrin kan ló wá ń bójú tó ilẹ̀. Mo lọ bá a, ó ní kò burú, pé igbó lásán ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti mú àwọn alágbàṣe wá, wọ́n ti ṣán gbogbo rẹ̀, wọ́n ti hú gbòǹgbò, wọ́n ti kó ewé jíjẹrà dànù, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo fi ọwọ́ ara mi gbá ilẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni, ilẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kò bá kàn, ojú rẹ̀ ló ń tì wá.

Mo wá pe bíríkìlà ọ̀rẹ́ mi pé kó bá mi da sìmẹ́ǹtì sí i, kí erùpẹ̀ má baà ta sára aṣọ. Ó gun òkè náà, ó rìn yíká, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó wo omi tó yọ.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ilẹ̀ yìí ń mu omi. Ẹ jẹ́ ká da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ká má fi sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́nu.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló ń fọṣọ nínú àwa méjèèjì. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tó mọ́ ló ṣe fún mi, ó ṣe é ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀, ó sì la gọ́tà láti etí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Mo na okùn ìsáṣọ lọ gbọrọgbọrọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kún orí òkè náà, mo dúró sísàlẹ̀ mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fẹ́, mo ní Alhamdulilahi, mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, inú mi tún dùn sí i. Bí òjò bá ti ń rọ̀, omi á ya wálẹ̀ nínú gọ́tà pẹ̀lú ariwo, á kún gbogbo kòtò, á pọ́n bí epo, á sì gbé bàtà àwọn èèyàn lọ. Mo ń sọ fún wọn pé ẹ ò rí i, omi òkè yìí ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá, gọ́tà á gbẹ, ilẹ̀ á gbẹ, kò ní í sí nǹkan kan mọ́. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n, àmọ́ aṣọ mi ń gbẹ, mi ò wo nǹkan mìíràn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìgbà tí ojú ọ̀run Libreville máa ń ṣú lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé òjò kán. Kí n tó da sìmẹ́ǹtì, ẹ̀ẹ̀rùn kò já mọ́ nǹkan kan lójú Omi Tútù. Lọ́dún yẹn, ohun tó ń ti ẹnu ọ̀pá náà jáde kọ́kọ́ tín-ín-rín bí ìka, ó wá di òwú, ó wá di kíkán. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í to kẹ́ẹ̀gì láti ìdájí. Wọ́n ń jà lórí ìlà, àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé láìjà láti ọdún pípẹ́ ń bú ìyá ara wọn. Èmi náà ní aṣọ nínú ọṣẹ tí mi ò rí omi ṣan. Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá kan rà mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbé gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Inú ń bí mi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Mo ń wá ẹni tó ṣe é, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan ló ṣe é.

Mo rí ẹni náà. Ìyàwó bíríkìlà ń fa omi nínú kànga rẹ̀, omi sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ kí n tó so ó pọ̀. Ìkòkò kan ló wà lábẹ́ òkè, ọkùnrin yìí ti lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi wa ń jò sí ilé rẹ̀. Ó yẹ kí n lọ bá a nílé, kí n jókòó, kí n bi í léèrè bí ọmọ ìyá. Ìdí omi ni mo dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú gbogbo ìlà, nígbà tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kó dúró. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí ilé tirẹ̀ tù kí ilé àwọn ẹlòmíràn gbẹ, kì í ṣe èèyàn gidi. Mo ní omi gbogbo wa ló jí. Àwọn obìnrin sún mọ́ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n sì ń kùn sí i ní tòótọ́, nítorí èmi ni àgbà tí wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Ó sọ àpò iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ rí nìyẹn?”

Mo ní ohun tí mo rí nìyẹn.

Ó ní ó dáa. Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó padà sílé, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀ sínú kànga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Àwọn kan lára wa lọ wò ó. Ó fi òòlù fọ́ ọrùn kànga náà, ó da àfọ́kù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó tún ń da erùpẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká okùn ìfami náà sọ́wọ́, ó ń wò ó. Nígbà tó kún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le, ó wọlé lọ wẹ̀. Ojú ẹni tó borí ọ̀tá ni mo fi lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ òtítọ́ ni.

Mo dúró kí omi wa padà. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ wo ẹnu ọ̀pá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kíkán náà dáwọ́ dúró pátápátá.

Òpin ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni Mémé padà dé láti Oyem, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ti rù púpọ̀. Wọ́n ti ròyìn fún un. Ó ní kí n pọn garawa omi méjì, omi tí mo ti PK8 gbé wá, kí n tẹ̀ lé òun gun òkè. A dúró nígbà púpọ̀ kó lè mí. Nígbà tó rí sìmẹ́ǹtì náà, pẹ̀lú aṣọ àwọn èèyàn Sibang lórí okùn, kò pariwo. Faransé ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Faransé jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní kí n da garawa kan sí abẹ́ àwọn igi mélòó kan tó kù létí ilẹ̀ náà. Mo dà á. Ewé gbà á, ilẹ̀ gbé e mì, n kò rí i mọ́. Ó ní kí n da èkejì sórí sìmẹ́ǹtì. Kí n tó nàró, ó ti wọ gọ́tà, ó ti dé ìsàlẹ̀, ó ti ń lọ sójú títì.

Ó tọ́ka sí ibi tí omi àkọ́kọ́ rì sí. Ó ní ìyẹn ń lọ sí la source, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ó ní yóò máa rìn nínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti abẹ́ ewé, láti ìdí ògùrọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì, títí yóò fi dé orí amọ̀ líle tí kò lè wọ̀, orí amọ̀ náà ni yóò máa gbà wá sí ìsàlẹ̀. Ó ní omi tí a ń pọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ọdún tó kọjá ni, òjò tuntun ló ń ti ti àtijọ́ jáde.

“Ọmọ mi,” ó ní, “o lé omi kúrò nílé rẹ̀, o wá ń bi àwọn ará ilé kejì ibi tó wọ̀.”

Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún. Mo kó aṣọ kúrò lórí okùn, mi ò lè wo ìyá náà lójú. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé òòlù ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Ọwọ́ alágbàfọ̀ kò le, ó bó kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọjọ́ kejì tí mo ti ń fọ́ ọ ni mo gbọ́ ìró òòlù kejì lẹ́yìn mi. Bíríkìlà ni. Kò kí mi, ó kàn ń fọ́ ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. A fọ́ ọ títí ó fi di ọ̀sán, ìgbà tí a jókòó sínmi ni mo ki ọwọ́ mi bọ erùpẹ̀, tí mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé, ìwọ tí o ń gbẹ́ kànga, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe kànga rẹ ló gbé omi náà?

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkè ni omi kànga òun ti ń wá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí irin, kò bá ti Omi Tútù tan rárá.

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

Ó nu ojú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ̀rọ̀ tán lójú gbogbo ayé. Bí mo bá ní sìmẹ́ǹtì yín ni, níwájú àwọn obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí yín, níbo lẹ ó ti gbé ojú yín sí?”

Ọmọ Kétu yìí dí kànga ìyàwó rẹ̀ kí èmi má baà tẹ́. Mo rò ó láti ọjọ́ náà wá, bó ti wù kí n yí i, kò dín kù.

Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí. Mémé ti kú. Igbó ti ń hù padà lórí òkè náà, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, bí mo bá rí ẹni tó mú àdá gba ibẹ̀, ìjà ni. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, àárín òkúta méjèèjì rin, ó sì rin fún bí oṣù kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tíì tó omi tí èèyàn lè pọn. Ó ń bí mi nínú pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi da sìmẹ́ǹtì, tí n kò sì mọ iye ọdún tí ilẹ̀ yóò fi gbàgbé rẹ̀. Omi tí ọkọ̀ ń gbé wá tà ni mo fi ń fọ ìwọ̀nba aṣọ tó kù fún mi, inú ilé ni mo sì ń sá a sí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mò ń bẹ bíríkìlà kó jẹ́ kí èmi fi ọwọ́ mi gbẹ́ kànga rẹ̀ padà. Ó máa ń ní kí n má ṣèyọnu, pé ó ti mọ́ àwọn lára. Ó ń kí mi dáadáa, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ rárá. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń ti ìdí ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà gba iwájú ilé mi kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, ó ń tiro. Nítorí ẹrù tó wà lórí rẹ̀, kò lè kúnlẹ̀, ó kàn máa ń dúró, á di kẹ́ẹ̀gì náà mú, á rọ orúnkún díẹ̀, á ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Èmi náà á ní káàárọ̀, á sì máa lọ.